Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyàwó Ilé Pe Orúkọ

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ṣọ́jà ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, kò sì sí ẹni tó ń dìbò mọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Kòbókò ni wọ́n fi ń tò wá sórí ìlà níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Dùgbẹ̀, kòbókò náà ni wọ́n fi ń tò wá níbi tí a ti ń ra mílíìkì alágolo. Nítorí náà, ìbò kékeré tí a dì nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agbowó ni ìbò kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wa rí dì ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n sì jí i mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó jí i, mo sì mọ ẹni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe jí i. Èyí kejì ló dùn mí jù.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá wa lórí fóònù yín lónìí, tí ẹ rò pé ìjọba kan ló jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣàdédé nífẹ̀ẹ́ ìtàn. Àwọn tó ń sọ ọ́ fún yín lórí rédíò kò sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ojú ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ìwé girama àwọn obìnrin. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn ni mo lọ́kọ sí, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn ọmọ àwọn tí mo fẹ́ bá wí ṣì ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará ìlú náà pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Onítẹ̀bọmi ń bẹ, Mùsùlùmí ń bẹ. Àwọn kan ń gbé Bódìjà, àwọn kan ń gbé Agbowó, àwọn tó ń ṣòwò wà ní Ṣàngó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń pàdé nínú kíláàsì yẹn, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wa á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Ẹgbẹ́ Ìtàn ni a pe ara wa. Ọmọ ìlú lọ́kùnrin lóbìnrin wà níbẹ̀, àwa ìyàwó wọn náà sì wà níbẹ̀. Àwa ìyàwó pọ̀ jù wọ́n lọ, agbo ilé kan náà ni wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì àṣà tó wà ní Dùgbẹ̀ kéde pé àwọn máa fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ìlú wọn ní owó ìrànwọ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ ní alága tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn, kí ó sì ṣe Ọjọ́ Ìtàn ní gbangba, kí àwọn lè wá fojú rí ohun tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ tọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ìjọba ṣọ́jà ló ní kí á dìbò. A rẹ́rìn-ín títí.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alága wa nígbà náà ni Ọ̀mọ̀wé Kọ́láwọlé, olùkọ́ yunifásítì, ẹni tí ilé rẹ̀ ní Bódìjà kún fún ìwé dé ilé ìdáná. Ó ti ń kọ ìwé kan nípa àwọn ọba ìlú wa àti ogun tí wọ́n jà. Ó fẹ́ kí á fi owó náà tẹ ìwé rẹ̀. Ẹni tó dìde sí i ni Rábíátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rábí, ọmọ ilé lóbìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló gba ẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ Agbowó. Rábí ní kí á fi owó náà ra rẹ́kọ́dà tó dára àti kásẹ́ẹ̀tì, kí á máa lọ láti ilé dé ilé, kí á gba oríkì agbo ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyàwó àgbà tó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀mọ̀wé wí, "orin lẹ ń sọ. Ìtàn ni èmi ń sọ."

Rábí dá a lóhùn pé, "Kọ́lá, àbúrò mi, ìwé tìẹ kò lè kú lọ́la. Àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn yẹn lè kú lọ́la."

Ìyá Àsàbí, ìyálé gbogbo wa, gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin wọ̀nyí," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ alẹ́ kí ẹ tó sin mí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú tí mo fi wò ó lọ́jọ́ náà, mo rí i pé òótọ́ ni Rábí sọ. Ọwọ́ ìyá náà ti ń gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ̀n. Bí ó bá ń kì agbo ilé kan, ọmọ agbo ilé náà kì í lè jókòó. Mo ti rí àwọn ọ̀gá báńkì tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nítorí ohùn rẹ̀. Ohùn yẹn ni Rábí ń jà fún. Òun náà ni mò ń jà fún.

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ àṣà kan fún yín, nítorí òun ni wọ́n fi mú wa. Ní ìlú náà, gbogbo ẹni tí wọ́n bá bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni ó jẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà tilẹ̀ ṣe ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Orúkọ ìkẹ́ ni yóò fún un: Ìbàdíàrán, Awẹ́lẹ́wà, Adúmáadán. Bí ó bá sì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un lójú ayé, yóò kì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Ìyá Àsàbí wọ agbo ilé, Rábí kò tíì lè jókòó. Ìyá Àsàbí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sódò, ọkọ rẹ̀ ló sì pọ̀n sẹ́yìn yẹn. Nígbà tí eyín ọmọ náà yọ, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Gbogbo ìyàwó tó wọlé tẹ̀ lé e ló kọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ kéré sí Rábí. Àwọn ìyálé wa ti wọlé kí wọ́n tó bí i, nítorí náà wọ́n lè pè é ní Kọ́láwọlé bó ṣe wù wọ́n. Àwa tí a wọlé lẹ́yìn ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní kékeré. Nígbà tí èmi fi dé ilé, ikùn rẹ̀ ti máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n a kò yí orúkọ náà padà.

Èmi fúnra mi, ilé ìwé mísọ́nnì tí mo lọ ti gba àṣà yẹn kúrò lẹ́nu mi. Mo lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní ṣe mí bákan. Ẹni tó kọ́ mi ní àwọn orúkọ tí ìyàwó gidi kò gbọdọ̀ pè ni ọ̀rẹ́ mi Oyèníkẹ̀ẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wa wọ agbo ilé, èmi láti Èkìtì, òun láti ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Òun ló máa ń fọwọ́ tẹ̀ mí lápá bí mo bá fẹ́ ṣi ẹnu mi lò níwájú ìyá ọkọ wa. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ni wọ́n sì ní kí ó bójú tó ìbò náà.

Ọjọ́ ìbò pé. Oyèníkẹ̀ẹ́ dúró níwájú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ àwọn olùdíje méjèèjì sójú pátákó, ó kọ ọ́ lẹ́wà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Kò ní sí ìbò ìkọ̀kọ̀, kò ní sí nínà ọwọ́ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò, kí ó dìde, kí ó pe orúkọ ẹni tí ó fẹ́, bó ṣe wà lójú pátákó. Alága ti fọwọ́ sí i."

Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n pè. Àwọn ọmọ ilé lóbìnrin dìde, wọ́n pè. Rábí àti Ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn rìn, kò sí ẹni tó fi èkejì sílẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan àwa ìyàwó. Ìyá Táíwò, aránṣọ kan ní Ṣàngó, ló kọ́kọ́ dìde.

"Eyínfúnjowó ni tèmi."

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Oyèníkẹ̀ẹ́ bi í.

A rẹ́rìn-ín. A rò pé eré ni.

"Mo ní ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kò sí olùdíje tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó. Ẹ jókòó, ìbò yín ti ṣòfò."

Ìyá Táíwò kò jókòó. "Oyèníkẹ̀ẹ́, ìwọ ni o kò mọ Eyínfúnjowó? Ìwọ tí o kúnlẹ̀ kí i níbi ìkómọ ọjọ́sí, tí o ń jó fún un, 'Eyínfúnjowó, ọkọ mi àtàtà'? Ṣé ara rẹ yá?"

"Ibi yìí kì í ṣe ibi ìkómọ, ìyálé mi. Ẹgbẹ́ ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dìde níkọ̀ọ̀kan. Eyínfúnjowó. Ó ṣòfò. Eyínfúnjowó. Ó ṣòfò. Ìyàwó kan wí pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni tòun, Oyèníkẹ̀ẹ́ fagi lé ti òun náà, kí gbogbo rẹ̀ lè dà bí ẹni pé òdodo ni. Àwọn ìyálé méjì kan tí wọ́n fẹ́ràn Ọ̀mọ̀wé pe Kọ́láwọlé, ó wọlé. Èmi pe Rábíátù, ó wọlé. Nígbà tó kan Ìyá Àsàbí, ó dìde, ó wo Rábí, ó wo pátákó tí kò lè kà, ó ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó sì jókòó. Ẹni tó máa ń la ẹnu tí àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ níṣojú gbogbo wa.

Ọ̀mọ̀wé wọlé. Mo pariwo. Mo ní ìwà olè ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú. "Ìyàwó wa, ta ló ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò? Orúkọ la ní kí wọ́n pè. Àti pé kì í ṣe èmi ni mo ronú kàn án. Ìyàwó ẹlẹgbẹ́ yín ló mú àbá náà wá."

Mo lé Oyèníkẹ̀ẹ́ bá lójú títì, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kì bá tí ronú kan irú ọgbọ́n yẹn láéláé. Etí ọkùnrin ni orúkọ ìkẹ́ máa ń dùn mọ́, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi de ẹnu wa. Ìyàwó nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

"Kí ló fún ọ?" ni mo bi í.

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó ní orúkọ mi máa wà lẹ́yìn ìwé náà pẹ̀lú tirẹ̀."

"Nítorí kí orúkọ tìrẹ lè wà lẹ́yìn ìwé lo ṣe fi orúkọ há àwọn ìyálé wa lọ́fun?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ tí o lè pe orúkọ gbogbo ayé láìwẹ̀yìn wò," ni ó wí, "kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Ìbéèrè náà dára. Ẹni tó bi í ni kò dára.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àsàbí ránṣẹ́ pe gbogbo àwa ìyàwó sí ilé ọmọ rẹ̀ ní Ṣáléńjì. Àwọn kan ní kí á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èmi ní kí á lọ sí Dùgbẹ̀ kí á lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá Àsàbí ní rárá. "A ó lọ sí Ọjọ́ Ìtàn wọn. A ó wọ aṣọ tó dára. A ó jókòó. Ṣùgbọ́n a kò ní kì wọ́n."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí àwọn ọkọ wa, ilé kò rọgbọ mọ́. Ọkọ mi, ẹni tí kò bínú sí mi rí lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, gbé ṣíbí kalẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀.

"Ẹ ò ní kì wá? Níwájú àwọn àlejò?"

"A ò ní kì yín."

"Kí ni yóò wá mú orí wa wú níbẹ̀?"

Mo ní kí ó lọ bi Ọ̀mọ̀wé.

Gbọ̀ngàn ńlá kan lójú ọ̀nà Ring Road ni wọ́n ti ṣe Ọjọ́ Ìtàn. N kò ní parọ́, wọ́n tò ó dáadáa. Wọ́n pa àtẹ òfì àtijọ́, àwọn ìlẹ̀kẹ̀, òwú àti kẹ̀kẹ́ ìrànwú, àti àwòrán àwọn baálé tí wọ́n ti kú. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì Dùgbẹ̀, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, ó jókòó sórí àga aláfẹ̀yìntì. Ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ títí, ó ka nínú ìwé rẹ̀ títí. Àwa ìyàwó gba gbogbo apá òsì gbọ̀ngàn náà. A wọ aṣọ tó dára.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé fi ẹ̀rín músẹ́ kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ìyàwó ilé, iṣẹ́ yín ti yá. Ẹ kì wá o."

Kò sí ẹni tó mira.

Ó rò pé a kò gbọ́. "Ìyá Àsàbí, ẹnu yín la ń wò."

Ìyá Àsàbí ń wo iwájú. Gbogbo wa ń wo iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè máà mọ ohun tí èyí jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, kò sí ìgbà tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ jókòó pọ̀ níwájú àwọn ìyàwó wọn tí ohùn kan kò dìde láti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ lásán. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìtàn ogun, mo ti kọ́ wọn nípa àwọn ọmọ ogun tó fi ìbọn tú ìlú ká, ṣùgbọ́n n kò rí agbára kankan tó tó ti ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Àwọn àgbà ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tún aṣọ wọn ṣe, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tú aṣọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, baba tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ mi bo ojú.

Ọ̀gá láti Dùgbẹ̀ dìde. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, sà," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

Mo dìde, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ nílé ìyá tirẹ̀ náà. Ó ní kí á tún ìbò náà dì níbẹ̀, kí á na ọwọ́ sókè. Ọ̀mọ̀wé ní ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan ló lè yí òfin ìbò padà, ìpàdé kò sì jókòó. Ó dá a lójú pé ohun tó mú wa ní Agbowó kò ní jẹ́ kí á lọ. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ tún un dì níwájú mi bí òfin yín ṣe wí. Ẹni tó bá wọlé ni n ó bá ṣiṣẹ́."

Wọ́n gbé pátákó kan wá. Oyèníkẹ̀ẹ́ kọ orúkọ méjèèjì. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí nǹkan kan.

"Akọ̀wé," ni mo wí, "gbogbo wa kọ́ ló lè kàwé. Pe orúkọ àkọ́kọ́ fún wa."

"Mo ti kọ ọ́."

"Mo rí i pé o kọ ọ́. Pè é."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí i. Wọ́n ti bí Rábí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbé òun náà wọlé. Ní gbogbo ìgbà ìbò àkọ́kọ́ yẹn, kò pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo gbọ̀ngàn ti rí i wàyí. Àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Táíwò ní, "Pè é, akọ̀wé! Àbí ó há ọ náà lọ́fun?"

Mo fẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. N kò purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kí ó dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àsàbí fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má dójú ti ìyàwó ilé níwájú àlejò. Èmi yóò pè é."

Rábí sáré dìde níbi tó wà. "Ìyá, ẹ má pè é. Mo bẹ̀ yín. Kí wọ́n máa gbé ipò wọn lọ. Kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ."

"Jókòó, ọkọ mi."

"Ẹ má pè é."

"Mo ní kí o jókòó. Wọ́n ní a kò sí nínú ilé tí a ti hewú sí. Ṣé bí n ó ṣe máa wò ó nìyẹn?"

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lé e lórí. Kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè dìde. Ó kọjú sí Rábí. Ó pè é ní Eyínfúnjowó. Ó pè é ní ọkọ òun tí òun fi ẹ̀yìn pọ̀n. Ó bẹ bàbá Rábí, ó bẹ bàbá bàbá rẹ̀, ó bẹ ìyá ọkọ tirẹ̀ tó gbé e wọlé, ó dárúkọ òkú kan kò dárúkọ òkú kan, àwọn tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ni kò dárúkọ. Ó ní kí wọ́n ṣíjú wọn kúrò lára òun fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí sókè, ó sì wí pé:

"Rábíátù."

Kò pariwo. Ohùn tí ènìyàn fi ń pe ọmọ tó ń sùn ni.

Mo rí i tí irun apá ọkùnrin tó wà níwájú mi dìde dúró. Èmi tí mo ti pe orúkọ yẹn àìmọye ìgbà nínú ilé ìdáná, lójú ọ̀nà, lórí àtẹ ọjà, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé n kò tíì pè é rí.

Ìyá Táíwò kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń sunkún, ó sì pè é. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, gèlè ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì, wọ́n ń pe orúkọ. Àwọn ọkùnrin dorí kodò. Rábí fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ méjèèjì. Oyèníkẹ̀ẹ́ ń fa ìlà sójú pátákó fún ìbò kọ̀ọ̀kan, omijé ń já bọ́ sórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣòfò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ọ̀mọ̀wé kò dúró kí wọ́n kà á. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ohun tí a jèrè rèé. Rábí di alága. Ọ́fíìsì Dùgbẹ̀ mú ìlérí wọn ṣẹ. A ra rẹ́kọ́dà, a ra kásẹ́ẹ̀tì, èmi àti Rábí sì ń lọ láti ilé dé ilé, ní Ṣàngó, ní Apẹ̀tẹ̀, títí dé ìlú gan-an. Agbo ilé tí a kò gba tirẹ̀ sílẹ̀ kò pọ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lónìí, àwa la gbà á. Àwa ìyàwó sì ń dìbò nínú ẹgbẹ́ náà títí di òní, a ń na ọwọ́ sókè.

Àwọn tó pàdánù náà kò pàdánù púpọ̀. Ọ̀mọ̀wé rí owó níbòmíràn tẹ ìwé rẹ̀. Mo kà á. Ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún "iṣẹ́ ìgbàsílẹ̀ oríkì tí ẹgbẹ́ wa ṣe," kò sì sí orúkọ Rábí níbẹ̀. Orúkọ Oyèníkẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn ìwé lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké. Ìjọba ìbílẹ̀ ti fi oyè olùtọ́jú àṣà dá Oyèníkẹ̀ẹ́ lọ́lá láti ìgbà náà. Kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó kankan nínú agbo ilé. Bí ó bá ka èyí, ó mọ ilé mi.

Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ni mo fi sẹ́yìn. Ní oṣù tí a ra rẹ́kọ́dà, ilé Ìyá Àsàbí ní Ṣáléńjì ni a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wa ní ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, Rábí gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Àsàbí fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Pa á," ni ó wí. "N kò lè kì ọ́ mọ́."

"Ìyá, nítorí tiyín la ṣe jà."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo fi ń kì ọ́ ni pé n kò pe orúkọ rẹ. Mo ti pè é. Kí ni mo tún fẹ́ máa kì? Àwọn tó kù á kì fún yín, wọ́n kéré sí mi, ara wọn á gbà á. Tèmi kò gbà á."

A bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, a bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bí a bá dé, a jẹun, a ṣeré, a máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Kò la ẹnu kì ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a ní, kò sí ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá bi mí pé èwo ni ti Ìyá Àsàbí, nítorí wọ́n ti gbọ́ òkìkí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí. Wọn kì í gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ó kú, a gbé òkú rẹ̀ lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀. A wá ẹni tí yóò kì í. Gbogbo ìyàwó ilé pé síbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ oríkì agbo ilé ọkọ wọn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí wọ́n ti bí òun kọ́ nìyẹn. Ilé bàbá tirẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, ó sì ní oríkì tirẹ̀, tí kò sí ẹni tó bi í léèrè rí, àti èmi olùkọ́ ìtàn, àti Rábí tí ó fi ẹ̀yìn pọ̀n. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ ẹni tí a jẹ́ fún wa, a sì sin ín láìsọ ẹni tí òun jẹ́.

Rábí náà ti lọ báyìí. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi rìnnà mọ́. Ìlú tí wọ́n ti bí Ìyá Àsàbí kò jìnnà sí ìlú wa, àwọn àgbà díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀ tí wọ́n mọ agbo ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá owó ìrànwọ́ kiri lórí ìtàn, tí ẹ ń bi mí pé kí ló kù láti ṣe, èyí ló kù. Ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀ láti Ṣàngó láràárọ̀.